Kí Wọ́n Tó Pe Orúkọ Ìkẹyìn

Ẹni tó bá sọ pé jíjókòó kì í rẹ èèyàn, kò tíì jókòó sínú ọkọ̀ Bàbá Guidroz ní ọjọ́ Àìkú nínú oṣù Kejìlá, kí ìgò ọ̀pọ̀tọ́ wà lórí itan rẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé tó ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, kí ó má sì mọ ohun tó yẹ kí òun tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi Odile Prejean ni mo jókòó bẹ́ẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí Yunifásítì Halbrook ni a wà, níwájú ilé ńlá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ti ń jẹun tí wọ́n sì ti ń ṣèpàdé. Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ti tú ni a ti wà níbẹ̀. Bàbá Guidroz pa ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, ó ní ó ń jẹ epo, òtútù sì ti gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì.

Ní Pointe Savoie, ìlú wa létí òkun, a ní eré ọdún kan. Lọ́dọọdún, ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, a máa ń pe ikọ̀ yunifásítì méjì wá gbá bọ́ọ̀lù fún wa, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Eré Ọ̀pọ̀tọ́ ni à ń pè é. Àwọn ìlú mìíràn ní tiwọn, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀. Tiwa ni pé gbogbo ọmọ tó bá wá gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹun lórí tábìlì onílé kan nínú ìlú. Èmi ti fún àwọn ọmọ tí èjìká wọn kò gba ẹnu ọ̀nà mi ní ọbẹ̀ edé jẹ. Àwọn kan nínú wọn ti di bàbá ọmọ báyìí, wọ́n ṣì ń fi káàdì ránṣẹ́ sí mi.

Ìgbà tí wọ́n wá dá ìdíje àṣekágbá sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ikọ̀ méjìlá tó dára jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń ṣà, wọ́n á máa yọ ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ kan. Èyí kò burú. Ohun tó burú ni pé ikọ̀ tí wọn kò bá ṣà yóò bínú, á ní òun kò gbá eré ọdún kankan mọ́, kí kálukú gba ilé ìyá rẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá, ikọ̀ tí a pè kọ̀ fún wa. Àwọn tó wá dípò wọn, àwọn òbí wọn gan-an ò wá wò wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi, tó ń gbé eré náà ró, wá sọ fún wa pé bí pápá bá tún ṣófo lọ́dún yìí, àwọn yọwọ́. Bí wọ́n bá yọwọ́, Eré Ọ̀pọ̀tọ́ ti kú nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò jí i.

Halbrook nìkan ló kù tí ó lè mú pápá wa kún. Ìbaaka ni wọ́n ń pe ikọ̀ wọn, orúkọ náà sì yẹ wọ́n, olórí kunkun ni gbogbo wọn. Lọ́dún yìí, ẹnu ààlà ni wọ́n wà: ó lè jẹ́ pé wọ́n á ṣà wọ́n mọ́ àwọn méjìlá, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ṣà wọ́n, ọwọ́ wa ṣófo. Bí wọn kò bá ṣà wọ́n, tiwa ni wọ́n, bí wọ́n bá gbà. Marcel, ọmọ tí mo bí, ni balógun wọn.

Ìyẹn ni mo ṣe kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí mo ní, Olúwa, jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ mi. Kí n tó dìde, mo tún ní, Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n mú un. Mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni mo fi àmín sí.

"Fi ìdérí yẹn sílẹ̀, Odile," Bàbá Guidroz wí.

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"O ti ń yí i látàárọ̀. Tó bá ṣí mọ́ ẹ lọ́wọ́, ìwọ lo máa gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún o."

"Tó bá jẹ́ èmi ni, pápá á kún. Gbogbo ìlú á wá wo ibi tí mo ti máa ṣubú."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Arúgbó ni, ó gbá eré àkọ́kọ́ nígbà tó wà lọ́mọdékùnrin, imú rẹ̀ sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ọjọ́ náà. Òun ni alága wa báyìí. Ó ti ń gbé ìgò ọ̀pọ̀tọ́ kiri láti ìgbà tí èmi ò tíì lọ́kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgò yìí. Àwọn ìlú mìíràn ń fi lẹ́tà pe ikọ̀, àwa ò fi lẹ́tà pè. Ẹni méjì ló ń fẹsẹ̀ ara wọn lọ pẹ̀lú ìgò ọ̀pọ̀tọ́ tí a fi ṣúgà sè. Balógun ikọ̀ á ṣí ìgò, á ti ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́, á mú ẹyọ kan, á jẹ ẹ́ lójú wa. Bó bá ti jẹ ẹ́, ikọ̀ rẹ̀ ti gbà, òun náà sì gbọ́dọ̀ bọ́ sí pápá. Kò sí pé ó jẹ ẹ́ tán kó wá lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Bí kò bá jẹ ẹ́, ìgò á padà wálé pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ti ọdún tó kọjá ṣì wà lórí pẹpẹ ní ọ́fíìsì wa, èmi ni mo gbé e wálé, Bàbá Guidroz kò sì sọ̀rọ̀ kan láti Halbrook títí dé etí òkun. Bẹ́ẹ̀ ni, Halbrook yìí kan náà ló kọ̀ wá lọ́dún tó kọjá. Nígbà yẹn, Marcel kò tíì di balógun.

Òfin kan tún wà. A ní kóòtù elésè àlùkò, àwọ̀ ọ̀pọ̀tọ́ tó ti pọ́n. A kì í wọ kóòtù yìí, a kì í sì í kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó pe orúkọ ìkẹyìn sínú àṣekágbá. Ìrètí ni àwọn tó wà nínú ilé ń jẹ lọ́wọ́. A kì í gbé pósí dúró de aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ṣé ẹ rò pé àwa àti àṣekágbá yìí lè jọ wà?"

"Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kanra."

"Ẹyẹ kan níbẹ̀ ti di ọkọ̀ òfuurufú, Bàbá."

"Kó máa fò lókè tiẹ̀." Ó na ọwọ́ síwájú bíi pé ẹnì kan ń bá a jiyàn lórí gíláàsì ọkọ̀. "Kí wọ́n mú méjìlá wọn. Ikọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́? Ṣé kí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n ni? Méjìlá lọ síbẹ̀, àwọn tó kù wá jẹ ọ̀pọ̀tọ́ lọ́dọ̀ wa. Kí ló le níbẹ̀?"

"Ohun tó le ni pé àwọn tó kù ń bínú pé àwọn ni wọ́n kù."

"Ṣé o rò pé èmi ni ìyàwó mi kọ́kọ́ fẹ́? Ó fẹ́ dókítà eyín kan ní ìlú Mobile. Ìyẹn ò mú un. Ó sunkún wọ ilé mi, a sì jọ darúgbó."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ rí."

"Ta ni ó máa ń sọ irú ẹ̀?"

Mo wo fèrèsé ilé náà. Wọ́n ti fa aṣọ sí i, ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ńlá ń ta lára aṣọ náà. Mo mọ bí Marcel ṣe máa jókòó: ó máa na ẹsẹ̀ òsì síwájú. Ní oṣù Kẹwàá, ẹnì kan ṣubú lu orúnkún yẹn nínú ìdíje kan, mo rí i láti orí ìjókòó mi, mo sì gbọ́ igbe rẹ̀ láàárín ariwo gbogbo èrò. Dókítà ní ó ti san. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun lẹ́rìí lọ́la. Ní oṣù Kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń sanwó yóò ṣa àwọn tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, Marcel sì wà lára àwọn tí wọ́n ń wò. Aṣojú tó fẹ́ máa bá a dúnàádúrà pẹ̀lú wọn ti sọ ọ́ kedere: bó bá jẹ́ àṣekágbá, kí ó gbá a, gbogbo ayé ló ń wò ó. Bó bá jẹ́ eré ọdún létí òkun kan, kí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àga kó sì sinmi. Mo kórìíra ọkùnrin náà. Mi ò sì lè sọ pé irọ́ ló pa.

Àbí kí ni ìyá kan ń wá nínú irú ọkọ̀ yìí? Bí wọ́n bá mú Marcel, inú ọmọ mi á dùn, ìlú mi á pàdánù. Bí wọn ò bá mú un, mo máa fọwọ́ ara mi gbé ohun tí yóò fi orúnkún rẹ̀ wewu fún un pé kó jẹ. Mo tún di ìdérí ìgò náà mú.

Bàbá Guidroz gbé fóònù rẹ̀ sí iwájú ọkọ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Láti òkè wá sílẹ̀ ni wọ́n ń pe orúkọ, ìpolówó ọjà sì ń bọ́ sáàárín. Wọ́n pe méjì, wọ́n polówó ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n pe méjì mìíràn, wọ́n polówó oògùn àyà títa, èyí tí èmi gan-an nílò. Ìkẹjọ kọjá. Ìkẹsàn-án kọjá, wọn ò pe Halbrook. Mo gbọ́ ariwo láti inú ilé náà, ariwo tí àwọn ọmọkùnrin máa ń pa nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Wọ́n wá pe ìkẹwàá. Ikọ̀ tí Halbrook ti na ní oṣù Kẹsàn-án ni.

Bàbá Guidroz ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Ó ti parí."

"Orúkọ méjì ló kù, Bàbá."

"Àwọn méjì yẹn ti ní ẹni tó ni wọ́n. Àwọn tó gba ife ní líìgì kéékèèké ni wọ́n fi wọ́n pamọ́ dè, òfin wọn nìyẹn. Gbogbo ayé mọ̀."

"Wọn ò tíì pè é."

"Odile." Ó ti ń fa kóòtù rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò rí apá kóòtù. "Lọ́dún tó kọjá, mo dúró bí òfin ṣe wí. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti bínú, wọ́n ti dìbò, wọ́n ti lọ. Mi ò tún ní dé pẹ́ mọ́."

Ó ń lọ. Mo pè é, kò wẹ̀yìn. Bàbá tó máa ń rìn bí ẹni tí ń wọn ilẹ̀ ni mo sáré tẹ̀lé, kóòtù tèmi ní apá, ìgò láyà, tí mo ń sọ pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti ilẹ̀kùn ilé náà ṣí, ó wọlé.

Yàrá náà kún fọ́fọ́. Gbogbo wọn kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwọn olùkọ́ wọn, àwọn òbí mélòó kan. Ọmọ kan di ọwọ́ mọ́ orí. Kò sí ẹni tó ń sunkún, nítorí orúkọ méjì ṣì kù. Wọ́n mọ òfin orúkọ méjì náà bí Bàbá Guidroz ṣe mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ti gbà, wọ́n sì ṣì ń retí pé ẹnì kan yóò gbàgbé òfin lónìí nítorí tiwọn.

Ilẹ̀kùn dún. Gbogbo orí yí padà. Bàbá arúgbó kan ló dúró níbẹ̀ nínú kóòtù elésè àlùkò, èmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìgò.

Ẹni tó ń ya wọ́n fún tẹlifíṣọ̀n yí kámẹ́rà kúrò lójú àwọn ọmọ, ó kọ ọ́ sí wa.

"Òkú ò tíì kú," ẹnì kan wí láti àárín wọn, "igún ti dé."

Sulley ni, ọmọkùnrin gìrìwò tó ń dúró níwájú ọmọ mi lórí pápá kí wọ́n má baà pa á. Ó ti jẹun nílé mi rí, ó jẹ ìkòkò kan. Kò wo ojú mi lónìí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ kíá.

Wọ́n pe ìkọkànlá, kì í ṣe wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolówó. Mi ò rò pé ohun kan le ju kí èèyàn dúró sójú kan nígbà tí wọ́n ń polówó ọṣẹ ìfọṣọ, kí gbogbo yàrá máa wò ó bí ẹni tó mú ikú wá. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Bàbá Guidroz ti rí ohun tó ṣe, ojú rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n kò mọ bí èèyàn ṣe ń jáde nínú irú rẹ̀. Ìgbà tí ọṣẹ tán, wọ́n pe ìkejìlá. Kóòṣì Haskew, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, nawọ́, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń sunkún bí ọkùnrin ńlá ṣe ń sun ún, pẹ̀lú orí tó tẹ̀ sórí orúnkún. Marcel kò sunkún. Ó dìde, ó gba àárín wọn kọjá wá bá wa, ó sì dúró níwájú mi.

"Mọ́mì, láti ìgbà wo lẹ ti wà níta?"

"Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì tú."

"Ẹ ò sì pè mí."

"A kì í pè. O mọ̀."

"Ẹ ń dúró kí wọ́n má mú wa."

"A ń dúró," mo wí.

"Kí lẹ gbàdúrà fún?"

Gbogbo yàrá ń gbọ́. Mo ti gbìyànjú láti purọ́ fún ọmọ yìí rí nígbà tó wà ní kékeré, nípa ajá kan, kò gbà á gbọ́.

"Méjèèjì," mo wí.

"Báwo ni méjèèjì?"

"Mo ní kí wọ́n mú ọ. Mo tún ní kí wọ́n má mú ọ."

Ó mi orí. "Ìkejì ló wọlé."

"Má bá ìyá ẹ jà," Bàbá Guidroz wí. Ó ti ń bọ́ kóòtù náà, ó ká a, ó fi sí abẹ́ apá. "Ó dá mi dúró, mi ò gbọ́. Èmi ni mo wọlé kí ó tó yẹ. Mo mọ òfin ju ẹnikẹ́ni lọ, mo sì rú u."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é, Bàbá?" Sulley ló bi í, láti ibi tó jókòó sí. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé màá dé pẹ́. Pé wọ́n á máa sọ pé ọwọ́ Ansel Guidroz ni Eré Ọ̀pọ̀tọ́ kú sí."

Marcel wo bàbá náà, ó wo imú rẹ̀ tó wọ́, ó sì na ọwọ́ sí mi. Mo gbé ìgò náà fún un. Ó gbé e dání láì ṣí i.

"Àwa náà, ẹ̀rù bà wá," ó wí. "Ẹ jáde. Ẹ lọ dúró síbi tó yẹ kẹ́ ẹ ti dúró látàárọ̀. Tá a bá ti mọ ohun tá a fẹ́ ṣe, àá ṣílẹ̀kùn."

A jáde. Bàbá Guidroz jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé kóòtù lé itan. Láìsí ìgò, mi ò mọ ibi tí mo máa fi ọwọ́ sí. Mo ń fetí sí ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn Sulley, ó ròkè. Mo gbọ́ ẹlòmíràn tó ní kí gbogbo wọn lọ sílé, kí wọ́n lọ sùn títí dọdún tuntun. Àwọn kan hó pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kóòṣì Haskew jáde wá, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Mo fi wọ́n sílẹ̀," ó wí. "Tí mo bá wà níbẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́."

"Kí lẹ fẹ́ gbọ́?" mo bi í.

Ó gbọn orí. "Ìyá Marcel, ẹ mọ̀ pé aṣojú ẹ̀ ti pè mí. Kò tíì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí wọ́n parí ìpè yẹn, ó ti pè. Ó ní kí n rí i pé ọmọ náà kò gbá eré kankan mọ́. Mo ní èmi kọ́ ni mo ni ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Kóòṣì, orúnkún yẹn. Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Ó lè gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n sì lè tún ṣubú lù ú. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ohun tí dókítà mọ̀ náà nìyẹn." Ó wo ìsàlẹ̀. "Ká ní àṣekágbá ni, ẹ ò ní bi mí."

Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí wọra. Ká ní wọ́n mú wọn ni, inú ìdùnnú ni ǹ bá ti gbàgbé orúnkún yẹn. Nítorí pé eré tiwa ni, nítorí pé èmi ni mo gbé ìgò wá, ni orúnkún náà ṣe wá tóbi lójú mi ju gbogbo ìlú lọ. Mo rí Marcel lórí ilẹ̀ pápá wa, níwájú gbogbo èèyàn tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ń rákòò, tí wọ́n gbé e lọ. Mo rí oṣù Kẹrin tó kọjá láì pe orúkọ rẹ̀. Mo rí i nínú ọkọ̀ ẹja bàbá rẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ kan tiro, tí kò bínú sí mi, èyí tó burú ju kó bínú lọ.

Mo yí sí ilẹ̀kùn. Mo yí padà wo Bàbá Guidroz.

Ó ti mọ ohun tó wà nínú mi. Ó fọwọ́ tẹ́ kóòtù rẹ̀ lórí itan, ó tẹ́ ẹ títí kò fi ní ìwúnjọ kankan mọ́.

"Lọ sọ fún un," ó wí.

"Bàbá, tí mo bá sọ fún un, ó ti parí fún wa."

"Mo mọ̀. Ìyá ẹ̀ ni ọ́ kí o tó di ará Ọ̀pọ̀tọ́. Lọ."

Mo gbé ọwọ́ láti kan ilẹ̀kùn. Kí ọwọ́ mi tó kàn án, ilẹ̀kùn ṣí.

Marcel ló ṣí i. Gbogbo wọn dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti nu ojú. Ìgò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ìdérí ti kúrò. Ọ̀pọ̀tọ́ kan wà láàárín ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, omi ṣúgà ń kán sílẹ̀. Kò tíì jẹ ẹ́. Ìṣojú wa ló gbọ́dọ̀ ti jẹ ẹ́.

"Sulley ló ní kí n ṣí i," ó wí. "Ó ní ebi ń pa òun, pé ẹni tó máa kọ oúnjẹ Mọ́mì kó kọ tiẹ̀ nìkan."

"Mo sọ ju ìyẹn lọ," Sulley wí.

"Ó sọ ju ìyẹn lọ. Ó ní òun ò gbà pé àwọn tó jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n yẹn ló máa parí bọ́ọ̀lù òun fún òun. Ó ní bí ó bá máa parí, orí koríko ni kó ti parí, kí ẹnì kan sì sè fún òun lẹ́yìn ẹ̀." Marcel gbé ojú sókè. "Bàbá Guidroz, ẹ ò ní wọ kóòtù yín ni? Wọ́n ti pe orúkọ ìkẹyìn."

Mo gbọ́ bí arúgbó náà ṣe ń dìde lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ apá rẹ̀ nínú aṣọ. Mi ò wẹ̀yìn. Ọmọ mi ni mò ń wò, òun náà sì rí ọwọ́ mi tó ṣì wà lókè níbi tí mo ti fẹ́ kan ilẹ̀kùn.

"Mọ́mì, ẹ fẹ́ sọ nǹkan?"

Gbogbo wọn dúró. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, ó máa gbọ́. Marcel kì í ṣe ọmọ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu níwájú àwọn èèyàn. Á dé ìgò náà, á dá a padà fún mi.

"Orúnkún rẹ," mo wí. Ohun tó jáde nìyẹn, mi ò rí ìyókù rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀," ó wí. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó fún mi láyè bóyá mo ṣì ní ọ̀rọ̀. "Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi ló ṣe é, kì í ṣe àdúrà yín."

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀.

Ó jẹ ọ̀pọ̀tọ́ náà, ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé e mì. Àwọn Ìbaaka pariwo lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń já ìgò gbà lọ́wọ́ ara wọn. Bàbá Guidroz fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí alága máa ń sọ, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tó ti sọ láìmọye ọdún, ẹkún kò jẹ́ kó sọ ọ́ dé ìdajì. Sulley di í mú léjìká, ó ń bi í léèrè bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ń fún èèyàn ní ìkòkò tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Marcel mú ọwọ́ mi. Ìka rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ tèmi, kò sì tètè fi mí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí wọ́n ń pè é. Mo wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí ó fi dé àárín wọn. Kò tiro. Mi ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.